Pikọ́ọ̀pù 504 tó ń mu ọ́ìlì: ṣé kí n gbé ẹ́ńjìnì Toyota sí i, àbí kí n tún tirẹ̀ ṣe?

Àgbẹ̀Gbẹ̀dẹ (Àyẹ̀tòrò-Gbẹ̀dẹ)

Okun gbogbo ilé o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ pikọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan. Ẹ́ńjìnì XN1 tó bá a wá láti ilé ló ṣì wà lára rẹ̀, gíá mẹ́rin. Iṣu, gàrí àti káṣú ló ń kó láti oko lọ sí ọjà Kàbà, nígbà mìíràn ó ń dé Lọ́kọ́jà. Ní báyìí ó ń mu ọ́ìlì, èéfín rẹ̀ ti di búlúù, bí ẹrù bá sì wúwo kò fẹ́ gun òkè mọ́ àfi kí n dá a padà sí gíá kejì.

Ẹnì kan ti ń fi ẹ́ńjìnì Toyota 3Y tòkúnbọ̀ lọ̀ mí, láti ara Hiace, tòun ti gíá rẹ̀. Ó ní ọjọ́ méjì péré ni wẹ́dà máa fi gbé e wọlé, àti pé n ò ní wá páàtì kiri mọ́ láé. Ara ọkọ̀ náà ò dípẹtà, ṣáásíì rẹ̀ sì le. Èmi ò wá ọkọ̀ eré, kó ṣáà máa gbé ẹrù ni mo fẹ́. Èwo ni kí n ṣe?

FìtàKàbà (Kàbà)

Okun o, ọ̀gá. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnì ò ní sọ pé kí ẹ má rà á. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe èyí tó wà nílẹ̀, torí pé ọkọ̀ tí kò gun òkè, ẹ̀bi ẹ́ńjìnì lè má sí níbẹ̀ rárá.

Kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní orí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fa hándíbíréèkì dáadáa, ẹ ki í sí gíá kẹrin, ẹ tẹ iná díẹ̀, kí ẹ wá rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ńṣe ló yẹ kí ẹ́ńjìnì kú lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣì ń yí, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀.

Ẹ wo èéfín náà dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lókè, tí ẹ wá tún tẹ iná lẹ́yìn rẹ̀, ló ń tú jáde, ọ̀dọ̀ fáàfù ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹrù wà lẹ́yìn tí ẹ ń gun òkè ni, ríǹgì (òrùka tó yí písítìn ká) tàbí sìlíìfù (páìpù irin tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀) ti jẹ.

Kí ẹ wá wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn (agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀). Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná bó ṣe máa ń gbóná lójú iṣẹ́. Pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ yọ, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má baà ta. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún. Kí ẹnì kan tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kí kábúrétọ̀ lè ṣí, kó wá sítáàtì títí gééjì á fi lù bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì tó tó ṣíbí tíì kan sínú èyí tó bá lọ sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ríǹgì tàbí sìlíìfù ni. Bó bá dúró sójú kan, ẹ lọ wo fáàfù tàbí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì).

Ẹ má gbàgbé: lára Peugeot, apá fáíwíìlì ni wọ́n ti ń ka sílíńdà kìíní, kì í ṣe apá rédíétọ̀. Toyota ló ń kà á láti iwájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń kà á sódì.

ỌmọÌsánlú (Ìsánlú)

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Kí ló kù nínú 504? Bí Hiace bá kú láàárín Ìsánlú sí Kàbà, kò sí ìlú tí ẹ dé tí ẹ ò ní rí ẹni tó máa wò ó. Ti 504 ńkọ́? Àwọn fìtà tó mọ̀ ọ́n ti ń darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ ìsinsìnyí ò fọwọ́ kàn án rí. Ilé iṣẹ́ Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní 1975 ti fi 504 sílẹ̀ tipẹ́.

Toyota 3Y yìí, ṣéènì ló ń yí kámúṣáàfù rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tó máa já lójijì. Bó bá jẹ́ oníkábúrétọ̀, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Páàtì rẹ̀ wà káàkiri. Ẹ gbé e sí i, ẹ sinmi.

TánàLọ́kọ́jà (Lọ́kọ́jà)

Ọ̀rọ̀ páàtì tí ẹ sọ yẹn, ỌmọÌsánlú, kò ṣe é jiyàn. Ti ṣéènì ni kò mú ìyàtọ̀ wá, torí XN1 náà, ṣéènì ló ní. Ẹ wá wo nọ́ńbà wọn. XN1 jẹ́ 1971 cc: ẹnu sílíńdà 88 mm, ìrìn písítìn 81 mm. 3Y jẹ́ 1998 cc: 86 mm sí 86 mm. 27 cc ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá gbé 3Y sínú 504 kò ra agbára rárá o, ìrọ̀rùn àtirí páàtì nìkan ló rà. Ọkọ̀ náà ò ní gun òkè ju bó ṣe ń gùn ún nígbà tí ara XN1 le.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ̀yìn gíá ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Púròpẹ́là 504 (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíá lọ sí ẹ̀yìn) kò ṣí sílẹ̀ bíi ti Hiace. Inú páìpù gbọọrọ kan ló ti ń yí, páìpù yẹn sì di gíá àti áàsù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) mọ́ra gírígírí. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fi bò ó kí eruku má wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tẹ iná, táyà á máa ti ọkọ̀ síwájú, imú áàsù á sì máa fẹ́ yí sókè. Páìpù yìí ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà tó ń sọ pé ọjọ́ méjì làwọn máa fi ṣe é, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n gé páìpù náà dànù, kí wọ́n wẹ́ẹ̀dì pẹpẹ irin mọ́ imú áàsù, kí wọ́n wá fi púròpẹ́là Toyota bọ̀ ọ́. Lára wágọ̀nù 504, tó jẹ́ sípíríǹgì oníkókó ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ewu ńlá nìyẹn: kò sí ohun tó ku láti di áàsù mú, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa rìn fúnra rẹ̀. Ti pikọ́ọ̀pù sàn díẹ̀ torí pé sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ ló gbé e, irin yẹn lè dì í mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá di iṣu kún un tí ẹ sì tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì lórí òkè, irin á lọ́, imú áàsù á gbéra, púròpẹ́là á bẹ̀rẹ̀ sí í lu abẹ́ ọkọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ lè fi gíá Peugeot àti páìpù rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ so 3Y mọ́ ọn lẹ́nu. Èyí ni mo fara mọ́ jù, síbẹ̀ kò rọrùn. XN1 kì í dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀, ó fi 45 digírì dà sí ẹ̀gbẹ́, ojú bóòtù ilé kílọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀ lé ìdàsẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. 3Y ní ojú bóòtù tirẹ̀. Àfi kí a gé pẹpẹ irin tó nípọn tó 12 sí 15 mm, kí a lu ojú bóòtù méjèèjì sí i, kí a sì fi pín-ìnì gúnlẹ̀ sí i kó má baà yẹ̀. Àárín kíráńkì àti àárín ọ̀pá gíá gbọ́dọ̀ dojú kọ ara wọn gan-an. Gééjì olójú aago ni a fi ń wò ó, kì í ṣe ojú lásán. Bó bá yẹ̀ tó 0.5 mm, kílọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n, bẹ́ríǹ iwájú gíá á máa hu, gíá á sì máa já fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, imú ọ̀pá gíá Peugeot àti ihò tó wà nídìí kíráńkì Toyota kò bá ara wọn mu, búùṣì bàbà ni a máa tánì (ká fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ), tí a ó fi sí àárín wọn. Díìsì kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ní eyín ti Peugeot láàárín, kí ìtóbi rẹ̀ sì bá pẹpẹ àtẹ̀mọ́lẹ̀ ti Toyota mu. Níbi tí ìnípọn irin yẹn bá ti ẹ́ńjìnì síwájú dé, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì síìtì tuntun máa wà. Kíkì-sítátà náà gbọ́dọ̀ dé eyín fáíwíìlì, kó má há, kó má sì jìnnà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé gíá Toyota wọlé pẹ̀lú rẹ̀, áàsù Hilux ni kó tẹ̀ lé e, lódidi. Ẹ máa wẹ́ẹ̀dì ìjókòó sípíríǹgì sí i níbi tó bá ti 504 mu. Bíréèkì ẹ̀yìn àti okùn hándíbíréèkì á yí padà. Ojú bóòtù táyà ẹ̀yìn ò ní bá ti iwájú mu mọ́, sípíà méjì ni ẹ ó máa gbé kiri. Púròpẹ́là tuntun gbọ́dọ̀ ní báláǹsì, kí ojú gíá àti ojú áàsù sì dọ́gba ní ìdagun, kí igun tó wà ní orí kọ̀ọ̀kan má ju bí 3 digírì lọ nígbà tí ẹrù wà lẹ́yìn. Gíá Hiace tí wọ́n fẹ́ tà fún yín yẹn gan-an tún ní wàhálà tirẹ̀: abẹ́ ìjókòó ni ẹ́ńjìnì Hiace máa ń wà, ọ̀pá tí dírẹ́bà fi ń yí gíá kì í yọ sókè lórí gíá fúnra rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń fà á. Ti Hilux ni ọ̀pá rẹ̀ ń yọ jáde lókè.

Ohun méjì kan wà tí ẹ lè fi téèpù wọ̀n kí ẹ tó san kọ́bọ̀: láti àárín kíráńkì 3Y dé orí àpótí fílítà rẹ̀, kí ẹ wá fi wé àyè tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 (ẹ́ńjìnì tó nàró ga ju èyí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ), àti ibi tí sọ́ńpù rẹ̀ (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) ti jìn jù, bóyá kò ní jókòó lé irin àgbélébùú iwájú àti ráàkì sítíárìn lórí. Gígé sọ́ńpù kí ó lè wọlé túmọ̀ sí pé ẹ tún máa gé páìpù tó ń fa ọ́ìlì. Bí páìpù yẹn bá fa afẹ́fẹ́ lórí òkè, bẹ́ríǹ lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́Boy (Ẹ̀gbẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a ò lè fi ti Camry 2.2 sí i? Ó pọ̀ nílẹ̀, ó sì lágbára ju méjèèjì lọ.

TánàLọ́kọ́jà

Àbúrò, 5S-FE ti Camry, ìbú ló dùbúlẹ̀ sí, táyà iwájú ló sì ń yí. Gíá rẹ̀ àti áàsù rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. O máa wá gíá tó kọjú sí ẹ̀yìn fún un, o tún máa gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, wáyà rẹ̀, àti páńpù epo inú táǹkì wá. Fún ọkọ̀ iṣu, rárá o.

Ẹ̀gbẹ́Boy

Ó yé mi. Ẹ ṣeun, ọ̀gá.

Àgbẹ̀Gbẹ̀dẹ

A ti wọ̀n ọ́n. Kílọ́ọ̀ṣì ò yọ̀, ẹ́ńjìnì kú lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ni èéfín ń pọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn láti apá fáíwíìlì: 140, 135, 85, 130 psi. Nígbà tí a da ọ́ìlì sí ẹ̀kẹta, ó gòkè dé 125. Omi ò dín nínú rédíétọ̀. Rọ́bà tó so àpótí fílítà mọ́ kábúrétọ̀ ti ya nísàlẹ̀, téèpù ni wọ́n fi wé e.

FìtàKàbà

Rọ́bà yẹn ni ọ̀daràn. Eruku pupa ojú ọ̀nà oko ń gba ibẹ̀ wọlé láì kọjá lára fílítà, ó ń pò mọ́ ọ́ìlì, ó sì ń yọ́ ríǹgì díẹ̀díẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, yálà XN1 tuntun tàbí 3Y ni ẹ fi síbẹ̀, ohun kan náà ni eruku máa ṣe fún un.

Nọ́ńbà yín ò burú tó bí mo ṣe rò. Mẹ́ta ṣì dúró, ọ̀kan ló jẹ, ó sì jẹ ní ibi tí XN1 rọrùn láti tún ṣe jù. Sìlíìfù rẹ̀ ṣeé fà yọ, omi rédíétọ̀ ló yí i ká nínú búlọ́ọ̀kù. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìgbẹ́ kankan: ẹ fa ti àtijọ́ yọ, ẹ ti tuntun wọlé, ìwọ̀n 88 mm ti ilé iṣẹ́ ni ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ti 3Y, ara búlọ́ọ̀kù gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹnu sílíńdà sí. Bó bá jẹ, àfi kí wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀ kí ẹ sì ra písítìn tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni kí ẹ rà, sìlíìfù, písítìn, ríǹgì àti pín-ìnì, kì í ṣe ti ẹ̀kẹta nìkan. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ nínú eruku kò dáa fún un. Ẹ tú bóòtù tọ́ọ̀pù nígbà tó bá ti tutù pátápátá, láti etí wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù náà, bí ẹ bá tú u nígbà tó gbóná ó máa ká. Bó bá lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, ẹ má fi síkúrù-díráfà họ ojú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìsàlẹ̀ sìlíìfù ní etí kan tó jókòó lé lórí nínú búlọ́ọ̀kù, gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì dí àárín wọn kí omi má baà já sínú sọ́ńpù. Ibi ìjókòó yẹn máa ń kún fún ìpata àti ẹrẹ̀ líle. Ẹ fá a títí irin á fi dán. Bí ẹ bá fi ìpata kékeré sílẹ̀, sìlíìfù á jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, omi á kọjá, ọ́ìlì á sì funfun bí ògì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ bá ti ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, ẹ gbé rúlà irin tó tọ́ lé wọn lórí kí ẹ fi fíìlà gééjì wò ó: orí sìlíìfù gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kí gbogbo wọn sì dọ́gba. Èyí tó bá rì sísàlẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ò ní dì í mú, á jó láàárín oṣù kan.

Kí ẹ tó yí kíráńkì láti di kọnírọ́ọ̀dù, ẹ fi bóòtù àti wọ́ṣà fẹ̀ǹfẹ̀ tẹ sìlíìfù mọ́lẹ̀. Bí písítìn bá gbé sìlíìfù sókè lẹ́ẹ̀kan péré, gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ti ṣí nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tí omi bá dé inú sọ́ńpù. Ẹnu ríǹgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dojú kọ ibì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí tánà wọn ojú kíráńkì, kí ó wo ojú tọ́ọ̀pù bóyá ó tẹ́, kí ó sì jókòó fáàfù.

ỌmọÌsánlú

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Níbo ni sẹ́ẹ̀tì sìlíìfù tó dáa wà? Àwọn kan tó wà lọ́jà báyìí, páálí nìkan ni wọ́n tún ṣe, orúkọ ńlá lára páálí, irin jẹ́lẹ́ńkẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ máa tún un ṣe lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì kí ọdún tó yí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kúrò nínú Peugeot nìyẹn.

TánàLọ́kọ́jà

Òótọ́ ni ẹ sọ, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi ra á láì wọ̀n ọ́n. Ẹ mú maikirómítà àti gééjì inú dání, tàbí kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà gbà kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ tánà kí owó tó pé. Ẹ wọn sìlíìfù kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ní ìhà méjì. Bó bá ti yàtọ̀ láàárín ara rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ gbé písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé òṣùwọ̀n onínọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn wúrà tàbí oògùn: ó yẹ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tó bá fi bíi gíráàmù mẹ́wàá wúwo ju èkejì lọ kì í ṣe sẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣà á jọ ni. Kàdúná ni mo máa kọ́kọ́ wá a sí, torí pé ibẹ̀ ni Peugeot ti pọ̀ jù, ní ọjà Panteka àti àyíká rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ládípọ̀ ní Èkó.

Àmọ́ ojú kan náà ni kí ẹ fi wo 3Y tòkúnbọ̀ yẹn. Ẹ́ńjìnì tó wà lórí ilẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì kí ẹ wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn rẹ̀ pẹ̀lú gééjì kan náà tí ẹ fi wọn tiyín. Ẹ ṣí ìdérí tí ẹ ń da ọ́ìlì sí, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ọ̀rá dúdú tó nípọn túmọ̀ sí pé wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ ki ìka bọ ibi tí omi ń gbà jáde, bí ìpata pupa bá tú sọ́wọ́, omi lásán ni wọ́n fi ń wà á. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ wò ó, ẹ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

RéwáyàMọ̀pà (Mọ̀pà)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un, torí pé wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀. Fáànù 504 ní kílọ́ọ̀ṣì onímágínẹ́ẹ̀tì, súwíìṣì tó mọ ìgbóná omi ló ń sọ fún un ìgbà tó máa yí. 3Y ò ní i. Fáànù oníná ni ẹ máa nílò, pẹ̀lú rìléè àti fíúùsì 30 A, kí wáyà rẹ̀ sì nípọn. Rédíétọ̀ Peugeot, ọ̀nà tí rọ́bà rẹ̀ kọjú sí lè má bá ẹnu Toyota mu.

Ti gééjì ìgbóná: sẹ́ńsọ̀ Peugeot ni kí ẹ gbé wá sí 3Y, kí tánà ṣe irin ìsopọ̀ tó máa mú un wọ ojú ihò 3Y. Bí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ Toyota sí gééjì Peugeot, irọ́ ló máa máa pa fún yín. Tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù kì í dúró de ẹni tí gééjì rẹ̀ ń purọ́.

Bí ẹ bá tún XN1 ṣe, ẹ dẹ́kun dída omi kànga sí rédíétọ̀. Súwíìṣì fáànù yẹn náà, ẹ dán an wò nínú omi gbígbóná kí ẹ tó dá a padà.

Ìyá_Káṣú (Ìyàrà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin. Gbogbo yín ń sọ irin, kò sẹ́ni tó sọ ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lórí ìwé ọkọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tuntun náà lórí, ẹ ṣe àfídáfítì ní kóòtù, kí ẹ lọ yí i padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì kí ọkọ̀ tó jáde sójú títì. Bí nọ́ńbà tó wà lára búlọ́ọ̀kù bá yàtọ̀ sí ti orí ìwé, ọlọ́pàá tó bá dá yín dúró lọ́nà Ọbájánà lè ní ọkọ̀ olè ni. Bí ẹni tó ń ta 3Y yẹn ò bá lè fún yín ní rìsíìtì, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jọ ohun tí wọ́n fi fáìlì họ, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Bí ẹ bá tún ti inú rẹ̀ ṣe, búlọ́ọ̀kù kan náà ni, ìwé yín ò yí padà.

Èkejì, àsìkò. Oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni káṣú. Ẹ́ńjìnì mìíràn tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i ní oṣù kìíní, káṣú lè parí kí wẹ́dà àti tánà tó gbọ́ ara wọn yé. Ẹ ṣírò iye tí ẹ ó fi háyà ọkọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn mọ́ owó ẹ́ńjìnì.

Àgbẹ̀Gbẹ̀dẹ

Ẹ ṣeun gan-an, màámi. Ti ìwé yẹn ò sí lọ́kàn mi rárá. Mo bi ẹni tó ń ta 3Y nípa rìsíìtì, ó ní òun máa “ṣètò rẹ̀”.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí a bá tú u tí a rí i pé búlọ́ọ̀kù ti là tàbí kíráńkì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ńkọ́? Ṣé 3Y náà ló kù nìyẹn?

TánàLọ́kọ́jà

Rárá o. Ẹ́ńjìnì 505 ni ẹ máa kọ́kọ́ wá. 505 oníkábúrétọ̀ kan wà tó jẹ́ XN1A ló gbé, 1971 cc náà ni, ìdílé kan náà, òun náà dà sí ẹ̀gbẹ́. Ilé kílọ́ọ̀ṣì yín á gbà á, gíá àti páìpù púròpẹ́là kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ẹ kàn fi sọ́ńpù, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì síìtì àti máníífóòlù èéfín wé tiyín kí ẹ tó gbé e. Èyí tí kò bá bá ara mu, ẹ tú ti 504 yín bọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta 505 tó ní ínjẹ́ṣọ̀n fún yín ní orúkọ yìí, òmíràn ni ìyẹn.

Wọ́n á tún fẹ́ ta gíá márùn-ún 505 mọ́ ọn. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ sí tiyín kí ẹ tó dáhùn, torí pé páìpù púròpẹ́là ò ṣeé fà gùn, kò sì ṣeé sún kì.

Bí XN1A bá sì wọ́n ju kí ẹ lè rí i lọ, ìgbà yẹn ni kí a tó jókòó sọ̀rọ̀ 3Y pẹ̀lú pẹpẹ irin.

ỌmọÌsánlú

Ti 505 yìí, mo gbà. Ìyẹn ni ó yẹ kí ẹ ti sọ látìbẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀Gbẹ̀dẹ

Mo ti dá ẹni tó ni 3Y lóhùn pé kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹnì kan ń lọ sí Kàdúná lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló máa bá mi wá sẹ́ẹ̀tì sìlíìfù, maikirómítà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. FìtàKàbà, bó bá ti jáde tán, ọ́ìlì wo ni kí n dà sí i, báwo ni mo sì ṣe máa wà á ní ìbẹ̀rẹ̀?

FìtàKàbà

20W-50, lítà mẹ́rin. Ẹ wo ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó tì í dé. Kí ẹ tó tan iná sí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí kíkì-sítátà yí i títí gééjì ọ́ìlì á fi gbéra. Bó bá ti jó, ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ojú kan fún wákàtí gbọọrọ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, sìlíìfù á dán ríǹgì ò sì ní jókòó. Ẹ wà á jáde.

Fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ìdajì ẹrù ni kí ẹ máa gbé, ẹ má lò ó ní eré kan náà fún ìgbà pípẹ́, ẹ sì tètè máa sọ̀ ọ́ sí gíá ìsàlẹ̀ lórí òkè dípò kí ẹ fi gíá kẹrin fà á. Ẹ da ọ́ìlì yẹn nù ní 500, kí ẹ pààrọ̀ fílítà rẹ̀. Ní bí 1000, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù mọ́jú, ẹ tún bóòtù tọ́ọ̀pù dì: ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, láti àárín lọ sí etí, ẹ dẹ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó dì í padà sí ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ tún fáàfù ajúsì lọ́jọ́ yẹn kan náà, torí pé bí tọ́ọ̀pù bá ti jókòó wálẹ̀, àyè fáàfù ti yí padà.

Kí ẹ sì bá mi ra rọ́bà fílítà yẹn ní Kàdúná, méjì.